Oníbàárà Tó Fẹ́ Ìdí Ìkòkò

Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Wọn ò sọ orúkọ tí à bá pe ìṣẹ́ ọkùnrin tí ìkòkò ńláńlá ń hó nínú ilé rẹ̀, tí kò sì rí òkèlè kan fi kan ahọ́n.

Abọ́dúnrìn ni ọkùnrin náà. Ọmọ Ìkirè ni, ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ló háyà ilé sí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní àgbègbè tí wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ jọ sí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹsitéètì. Láàárọ̀ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń gbé wọn bọ̀ wálé ló ti gbọ́ ìròyìn ilé ara rẹ̀. Síkírù, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló pariwo rẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn:

"Abọ́dúnrìn, ẹnu wa á mà dùn o! Ìyàwó ẹ ló fẹ́ máa se oúnjẹ kantíìnì wa!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá Kabir tó ń mójú tó kantíìnì ni. Oúnjẹ àárọ̀, tọ̀sán, tòru. Kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè. Ó ní ìrọ̀lẹ́ òní lòun ń bọ̀ nílé yín wá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbí o ò mọ̀ ni?"

"Ṣé ẹni tí ò ní mọ̀ ni mo jọ lójú ẹ?" ni Abọ́dúnrìn dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀.

Kò mọ̀. Awakọ̀ mọ̀, àwọn tó dúró lẹ́yìn mọ̀, ẹni tó ń sùn tó ń hanrun nínú igun pàápàá la ojú kan, ó ní, "Ìkọ́kọrẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ o," ó sì padà sójú oorun. Ọkọ nìkan ni kò mọ̀.

Àìmọ̀ ọ̀hún kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó ká a lára ni pé bí Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ bá fi lè gba iṣẹ́ yìí, òun àtàwọn ọmọ ò ní rí i mọ́. Èyí tí wọ́n ń rí báyìí náà, bí oṣù tuntun ni: ẹni tó bá rí i a máa ké sí ẹnìkejì kó wá wò ó. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé kí Kabir tó dé ìrọ̀lẹ́, òun á jókòó ti ìyàwó òun, àwọn á sì sọ ọ́ bí tọkọtaya ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn ìkọ́kọrẹ́ gbá a mú nímú bí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá mọ ìkọ́kọrẹ́ Ẹ̀pẹ́ á mọ ohun tí èyí jẹ́: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tó pọ́n fún epo, tí ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo ti fọ́ sínú rẹ̀. Òórùn yẹn lè pe èèyàn láti ìlú òkèèrè, kó dé imú rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún nínú òtútù, kó sì mú omi jáde lójú ẹni tí ò sunkún.

Mùnírátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi, wà ní ẹ̀yìnkùlé láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀. Fóònù kan há sí àárín etí àti èjìká rẹ̀, èkejì ń tàn yanran lórí àpótí, ọmọorógùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí idà.

"O kú iṣẹ́, Ìyá Toyyibah."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Toyyibah. Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn o, ọ́dà oníbàárà ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Ọ́dà ni."

"Èyí kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì ńkọ́?"

"Ìyẹn ni ọ́dà pàjáwìrì."

Àwọn ọmọ wọn, Toyyibah àti Bólúwají àbúrò rẹ̀, jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mu gààrí. Ọmọ alásè ń mu gààrí! Abọ́dúnrìn wò wọ́n, wọ́n wo Abọ́dúnrìn.

"Mùnírá," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká..."

Fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn báyìí? Áà, a dúpẹ́ o!"

Ohùn tó jáde yìí, oyin ni, àdídùn ni. Abọ́dúnrìn bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá obìnrin mìíràn ló wọlé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí obì ti wà lápò tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ yọ ọ́.

Ó dúró títí ó fi parí. "Nípa ti Kabir tó ń bọ̀ lónìí..."

Fóònù kejì dún. "Ẹ má bínú, Bàbá Toyyibah, kọ́sítọ́mà ni."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mùnírátù kò rí ọwọ́ náà. Bólúwají ló rí i láti orí àtẹ̀gùn, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é.

"Dádì, ẹ pè é lórí fóònù. Bí èmi ṣe rí i bá sọ̀rọ̀ lánàá nìyẹn."

Abọ́dúnrìn yọ fóònù, ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀, ó pè é. Mùnírátù wo ojú fóònù, ó rí orúkọ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Nọ́ńbà mìíràn wọlé tẹ̀lé e, èyí tí kò mọ̀ rí láyé. Ó gbé ìyẹn. "Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

Gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́ láyé ìsinsìnyí pé kí èèyàn jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́mọ́mù ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, nítorí owó oṣù ò tó jẹ mọ́, òórùn rẹ̀ lásán lèèyàn ń gbọ́. Mùnírátù gbọ́ràn. Ó fi iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe ní Ẹsitéètì sílẹ̀, ó ní kí òun lè máa rí ojú àwọn ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé ọ̀gá tuntun yìí lè rorò ju ti àná lọ. Ọ̀gá Ẹsitéètì a ṣì máa jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ti ara ẹni yìí, ó ń bá a wọ balùwẹ̀.

Abọ́dúnrìn wọ yàrá lọ. Síìmù kejì kan wà nínú fóònù rẹ̀ tí wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, tí kò tíì fi pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ronú orúkọ kan tó dún bí orúkọ ẹni tó ní ikùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí Wásáàpù:

"Ẹ káàárọ̀ o, màdáàmù. Olóyè Tìrìmísíyù ni mí. Mo fẹ́ abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ńlá kan, pẹ̀lú orí ẹja."

Ó gbọ́ bí fóònù ṣe dún nínú ẹ̀yìnkùlé. Itọ́ kún un lẹ́nu. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti tún kọ ọ̀kan sí i: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fá ìdí ìkòkò sí i, èyí tó gbẹ, tó jóná díẹ̀ yẹn."

Ọmọorógùn dúró níta. Lẹ́yìn náà ni èsì wọlé, ohùn oyin yẹn, tó gba ojú fèrèsé wọlé tó sì tún gba inú fóònù wọlé:

"Ẹ káàárọ̀ o, Olóyè wa! Inú wa dùn láti gbọ́ yín! Ibo ni ká gbé e wá fún yín, sà?"

Abọ́dúnrìn kò tíì ronú dé ibẹ̀. Kò lè ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá. Ó kọ ibi tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn: "Ijede, létí ọ̀sà, lábẹ́ igi tó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra."

Nígbà tó fi máa wọ bàtà jáde, Mùnírátù ti ń di abọ́.

"Ẹ ò ní sùn ni? Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú?"

"Mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀."

"Atẹ́gùn dáa," ni Mùnírátù wí. Kò gbé ojú sókè.

Báyìí ni ọkùnrin kan ṣe fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ nílé, tó wọkọ̀ lọ sí Ijede láti lọ pàdé rẹ̀.

Etí ọ̀sà Ijede dùn ún jókòó sí. Omi ibẹ̀ kì í kánjú. Ọkọ̀ ojú omi á gbéra, á dín kù lójú omi bí ewé, àwọn obìnrin á máa pariwo iye ẹja wọn, ẹyẹ funfun á dúró lórí òpó bí ẹni tó jogún ọ̀sà. Àwọn kan wà tí wọ́n ti jìnnà sí ibẹ̀ tipẹ́ tí wọ́n ṣì ń gbọ́ omi náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí òrùlé ẹlòmíràn. Abọ́dúnrìn kò gbọ́ nǹkan kan. Ikùn rẹ̀ ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ.

Ọlọ́kadà kan dé, ó gbé kúlà sílẹ̀. Olúṣèyí lorúkọ rẹ̀, òun ni Mùnírátù máa ń rán níṣẹ́.

"Ẹ̀yin ni Olóyè?" Ó wo bàtà ike tó wà lẹ́sẹ̀ Olóyè.

"Èmi ni. Mo fi bàtà gidi sílé."

Abọ́dúnrìn sanwó fún un, ó ṣí kúlà, ó ń jẹ kí ọlọ́kadà tó yí orí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Olúṣèyí dúró, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ló sè é.

"Ọwọ́ obìnrin yẹn dùn, àbí? Ojoojúmọ́ ni mò ń débẹ̀ wá gbé oúnjẹ. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ bí jẹnẹrétọ̀."

"Ṣé o mọ ọkọ rẹ̀?"

"Ọkọ? Ó lọ́kọ ni? Mi ò rí ọkùnrin kankan níbẹ̀ rí, sà. Èmi rò pé opó ni."

Òkèlè há Abọ́dúnrìn lọ́fun. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ó fi àyà rẹ̀ gbá ara igi kí òkèlè náà tó lọ sílẹ̀.

"Kò kú," ó ní, omijé lójú rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo... mo ti gbọ́ nípa rẹ̀."

"Á jẹ́ pé kò wúlò nìyẹn," ni Olúṣèyí wí, ó ń ta ọkọ̀ nípàá. "Obìnrin á gbé ìkòkò tó tó eléyìí, mi ò rí ẹni bá a dì í mú rí. Ẹni tó bá kú ṣì sàn, wọ́n á ní ó kú. Ẹ jẹun re, sà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Abọ́dúnrìn jókòó pẹ̀lú orí ẹja lọ́wọ́. Ó ronú padà sẹ́yìn, ó ń wá ọjọ́ kan tó gbé ìkòkò. Ó rántí pé òun ti gbé ìdérí rí. Kó wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ó nu ọwọ́, ó kọ ọ̀rọ̀: "Màdáàmù, oúnjẹ yín dùn wọ eegun. Ṣé ọkọ yín náà ń jẹ nínú rẹ̀?"

Dípò kí Mùnírátù kọ ọ́, ó gbohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Epo ń ta pàrà lẹ́yìn ohùn náà, ṣùgbọ́n oyin rẹ̀ kò dín:

"Ẹ ṣé gan-an, Olóyè mi. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, nítorí ó jọ pé ẹ̀yin ní àkókò láti gbọ́. Ọkọ mi kì í jẹ nínú rẹ̀. Bó bá dé, mò ń sè é. Bí mo bá sè é tán, ó ti lọ. Wọ́n fẹ́ gbé kantíìnì kan fún mi báyìí. Bí mo bá gbà á, ọwọ́ wa á tún mókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wo ni n ó fi máa wo àwọn ọmọ mi? Bí mo bá kọ̀ ọ́, ta ló mọ̀ bóyá irú rẹ̀ tún máa yà? Ó ń rẹ̀ mí, Olóyè mi. Ó rẹ̀ mí débi pé lánàá, mo kírun tán, mo ní, 'Ẹ ṣé o, ẹ tún padà wá.' Mi ò fẹ́ dá nìkan pinnu ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé kúlà mi o."

Ó gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́. Ó gbé e sún mọ́ etí, ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Háà! Bàbá Toyyibah!"

Ìyá Mọ́fẹ́yìsára ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó wá gba edé lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ohùn yẹn ti ń pe ẹnìkan ní Olóyè mi. Kò mọ̀ pé ohùn Mùnírátù ni. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbélé, èyí tó máa ń gbọ́ lẹ́nu Mùnírátù kò ju "Ta ló gbé ìgbálẹ̀ mi?" lọ.

"Ìyá Mọ́fẹ́yìsára, kì í ṣe ohun tí ẹ rò..."

"Mi ò tíì rò ó. Mo ń wò ó ni!"

Kí Abọ́dúnrìn tó pa kúlà dé, obìnrin náà ti wà lórí ọ̀kadà, edé rẹ̀ ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tó gbéra ní Ijede gẹ́gẹ́ bí abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan, ìyàwó kejì ló dà kó tó dé Ìkòròdú. Ó ti lóyún pẹ̀lú. Nígbà tí Abọ́dúnrìn fi máa wọlé, ayálégbé ti pé sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó wá gba ìwé iná, Ìyá Mọ́fẹ́yìsára sì wà láàárín wọn, ó ń fi ara ṣàpèjúwe.

"Ó na ẹsẹ̀ báyìí! Ó ń fá orí ẹja báyìí! Obìnrin yẹn ń pè é ní Olóyè mi! Olóyè kí ni? Ẹni tó jẹ gbèsè omi tí mọ́tò ń gbé wá! Ó ń sọ fún un pé ó ń rẹ òun, pé ó ń rẹ òun... Kí ló ń rẹ̀ ẹ́? Mùnírá, o dákẹ́? O ń rokà nígbà tí wọ́n ń ba tìẹ jẹ́?"

Mùnírátù ń ro ohun tó ń rò lọ.

"Ẹnu tó jẹ ní ìta," ni baba arúgbó kan wí láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, "ilé ni yóò ti yún un." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mi orí.

Abọ́dúnrìn dúró sáàárín wọn, kúlà lọ́wọ́, epo létí ẹnu. Toyyibah wo epo ẹnu náà. Ó wo agolo gààrí ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn dun Abọ́dúnrìn ju gbogbo ariwo náà lọ.

Mùnírátù fi ọmọorógùn sílẹ̀. "Ẹ gbé kúlà mi wá."

"Kúlà tìẹ?" ni Ìyá Mọ́fẹ́yìsára wí.

"Tèmi ni. Èmi ni mo se oúnjẹ náà. Ohùn tí ẹ gbọ́ yẹn, ohùn mi ni."

"Irọ́ ńlá! Ohùn tìẹ kọ́! Ohùn yẹn dùn!"

Mùnírátù tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí i. "Ẹ káàsán o, Ìyá Mọ́fẹ́yìsára mi! Ẹ kú ìrìn o! Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ṣé edé tòní wọ̀ yín lójú?"

Ìyá Mọ́fẹ́yìsára wá àpótí, ó jókòó.

"Mùnírá. Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbélé yìí, o ò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí."

"Ẹ ò ra nǹkan lọ́wọ́ mi rí."

Àwọn èrò túká. Ojú wọn fà ro bí ti ẹni tí iná lọ mọ́ lójú láàárín fíìmù. Ó wá ku tọkọtaya àti àwọn ìkòkò.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Abọ́dúnrìn bèèrè.

"Ìgbà tí Olóyè ní kí n fá ìdí ìkòkò sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti ń se oúnjẹ tà, mi ò tíì rí ẹni tó máa fi owó ra èyí tó jóná. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń jẹ ẹ́."

"O sì jẹ́ kí n wọkọ̀ lọ dé Ijede?"

"Bí ẹ bá dúró síbí, fóònù á dún. Mo rò ó pé tí ẹ bá wà ní Ijede, a ó lè ríra sọ̀rọ̀."

Fóònù dún lóòótọ́. Mùnírátù wò ó, ọkọ rẹ̀ wò ó, ó dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Abọ́dúnrìn wá bẹ̀rẹ̀, ó fi àkísà di ìkòkò tó tóbi jù mú, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó wúwo. Kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú omi rẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀, ó fò sókè, ó pe Jésù, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí gààrí fi gba imú Bólúwají jáde.

"Kí ni ẹ wí sí ti kantíìnì?" ni Mùnírátù bi í.

"Mo fẹ́ sọ pé kí o má gbà á. Láti àárọ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò gbé ìkòkò rí, ẹnu wo ló fẹ́ fi yan iṣẹ́ fún ẹni tó ń gbé e?" Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n. "Èyí tó bá tọ́ sí ọ, sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ẹ. Èmi á wà níbẹ̀."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Kabir dé, ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó há, tó fi káàdì ilé iṣẹ́ kọ́ ọrùn ní Sátidé. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i kí òun lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó jẹ ìyẹn náà tán, ó fi ìka nu àwo.

"Màdáàmù, a ti parí ọ̀rọ̀. Mọ́ńdè?"

"Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, sà. Oúnjẹ ọ̀sán nìkan, Mọ́ńdè sí Jímọ̀. Ìrọ̀lẹ́, tàwọn ọmọ mi ni. Sátidé, àwọn oníbàárà mi tó ti bá mi bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló ni ín. Sọ́ńdè, mi ò sí fún ẹnikẹ́ni."

Kabir rẹ́rìn-ín. Ó wo Abọ́dúnrìn bí ọkùnrin ṣe ń wo ọkùnrin, pé kó bá òun bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Abọ́dúnrìn ń fi omi tútù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Màdáàmù, àwọn ẹ̀rọ wa kì í sùn o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa se oúnjẹ yín nígbà yẹn."

"Ẹ máa ṣeré. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí pọ̀ bí eṣú. Tí mo bá fi jáde nínú ilé yìí, ó tán nìyẹn."

Igi ń jó lábẹ́ ìkòkò. Abọ́dúnrìn ronú kan owó ilé ìwé, ó ronú kan lánlọ́ọ̀dù. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ń ronú kan ohun kan náà.

"Ẹ máa rọra lọ, sà," ni Mùnírátù wí. Kò fi ohùn oyin sọ ọ́. Ohùn ilé ló fi sọ ọ́.

Kabir gbé káàdì ọrùn rẹ̀ sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi han géètì, ó jáde. Ìyá Mọ́fẹ́yìsára yọ orí láti ojú fèrèsé tirẹ̀. "Ó lé e lọ! Ẹ wo oríire tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó lé e lọ!" Ó ti fèrèsé.

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé. Mùnírátù bu oúnjẹ, kò bu ú sínú abọ́ onídèérí, àwo ilé ló bu ú sí, ó sì jókòó tì wọ́n. Àwọn ọmọ ń wò ó bí àlejò. Bólúwají fi ìka kan kàn án léjìká láti mọ̀ bóyá òun ni. Wọ́n jẹ òkèlè kan, wọ́n jẹ èkejì, ara ń tù wọ́n díẹ̀díẹ̀, Toyyibah sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn gígùn kan nípa tíṣà wọn tó ń wọ aṣọ ní òdì wá ilé ìwé.

Fóònù dún.

Ọwọ́ Mùnírátù gbéra fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Abọ́dúnrìn ti gbé e. Ó gbìyànjú ohùn oyin náà. Ó dún bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà! Ilé ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ni mí. Abọ́ ńlá fún ọ̀la? Ọ̀la Sọ́ńdè? Ẹ dúró díẹ̀ kí n bi í, ó ń jẹun lọ́wọ́."

Ó yíjú sí i. Mùnírátù ti sùn. Ó jókòó gbọnrangandan, ojú rẹ̀ pa dé, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbede méjì àwo àti ẹnu. Ìtàn tíṣà dúró. Toyyibah rọra na ọwọ́ sí ẹja tó wà níwájú ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ojú lásán mú un, ọmọ náà sì dá ọwọ́ padà.

"Hẹ́lò?" ni fóònù ń wí. "Hẹ́lò? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"A wà níbí, sà," ni Abọ́dúnrìn sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Torí pé a wà níbí la ò ṣe ní lè tà lọ́la."

Ó fi fóònù sábẹ́ ẹní, níbi tó ti ń kùn bí ẹ̀fọn. Àwọn mẹ́ta yòókù sì ń jẹun lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó jí oúnjẹ gbé, kí ọ̀gá má baà jí.